Odi Àpáta àti Odi Ìbọn

Ẹni tí ó bá wọ ilẹ̀ Àkókó fún ìgbà àkọ́kọ́, àpáta ni yóò kọ́kọ́ kí i káàbọ̀. Bí ó ti ń bọ̀ láti ìhà Ọ̀wọ̀ ni yóò ti rí òkè Ọ̀kà tí ó nà gbọọrọ níwájú rẹ̀. Bí ó bá dé Ìkàrẹ́, òkè yóò yí i ká. Bí ó bá sì tún tẹ̀ síwájú, tí ó gba Àrìgìdì kọjá lọ sí Òkè-Àgbè, àwọn àpáta ńláńlá ni yóò máa wò ó láti apá ọ̀tún àti apá òsì. Àlejò a máa yin ẹwà àwọn òkè wọ̀nyí. Ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí ẹwà ni àwọn baba ńlá àwọn ará Àkókó fi gun orí wọn lọ tẹ̀dó sí. Ẹ̀mí ni wọ́n fẹ́ gbà là.

Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ogun kò ti ẹ̀yìn ibì kan ṣoṣo dé bá wọn. Ogun Ìbàdàn ń ti ìwọ̀-oòrùn bọ̀. Agbára Ìbíní ń ti gúúsù nawọ́ sí wọn. Ogun Tápà, tí olú-ìlú rẹ̀ wà ní Bídà, sì ń ti àríwá sọdá Odò Ọya. Ẹṣin ni àwọn Tápà ń gùn wá sí ogun. Ìlú tí wọ́n bá borí a máa san ìṣákọ́lẹ̀. Nígbà tí owó ẹyọ bá sì tán nílé, ènìyàn ni wọ́n ń fi san án. Bí ó ti rí fún àwọn ará Àkókó ni ó rí fún àwọn aládùúgbò wọn ní Kàbà, ní Ìjùmú, ní Bùnú àti ní Yàgbà.

Nítorí náà ni àpáta fi di odi. Ẹni kankan kò mọ ọ́n, bẹ́ẹ̀ ni kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Ẹṣin kò lè gun un. Ẹni tí ó ń ṣọ́nà lórí rẹ̀ a rí eruku ogun kí ogun fúnra rẹ̀ tó dé. Òkúta tí a bá sì yí láti òkè, kò sí asà tí ó lè gbà á dúró. Ṣùgbọ́n odi yìí ní àbùkù kan. Oko wà nísàlẹ̀. Odò wà nísàlẹ̀. Ẹni tí ó wà lórí àpáta kò sì lè jẹ àpáta. Ogun tí kò lè gòkè a máa ba sísàlẹ̀ de àgbẹ̀ lọ́nà oko, a sì máa ba de ọmọbìnrin tí ó gbé ìkòkò lọ sí odò.

Ọ̀rọ̀ yìí ni bàbá àgbà kan ní Òkè-Àgbè, olùkọ́ tí ó ti fẹ̀yìn tì, ń bá àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ méjì sọ ní àkókò ìsinmi iléèwé, nígbà tí ọyẹ́ ń fẹ́. Èyí obìnrin ni ẹ̀gbọ́n. Èyí ọkùnrin ni àbúrò. Nígbà tí bàbá dákẹ́, ọmọkùnrin náà gbójú sókè wo àpáta, ó sì bi í léèrè pé:

“Bàbá àgbà, ta ni ó wá lé ogun Tápà lọ, tí àwọn baba wa fi ráyè sọ̀ kalẹ̀?”

Bàbá rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ní, “Ọmọ mi, ìdáhùn ìbéèrè rẹ kò sí ní Òkè-Àgbè. Ó wà ní Lọ́kọ́jà. Bí Ọlọ́run bá jí wa ire ní ọ̀la, a ó jọ lọ wò ó.”

Kí oòrùn ọjọ́ kejì tó yọ, wọ́n ti wà lójú ọ̀nà. Ìlú Àjọwá ni wọ́n kọ́kọ́ kàn. Bàbá dín eré ọkọ̀ kù, ó ní, “Ẹ gbọ́ orúkọ ìlú yìí dáadáa. A jọ wá ni. Àwọn ìlú kéékèèké tí olúkúlùkù wọn ti ń dá gbé ni wọ́n fi ibùdó wọn sílẹ̀, tí wọ́n sì wá jọ tẹ ìlú kan dó.”

Ọmọbìnrin náà ní, “Bàbá àgbà, ó jọ tiwa ní Òkè-Àgbè.”

Bàbá ní òótọ́ ni ó sọ. Àfá, Ọ̀gè, Àjè àti Ùdò ni ó para pọ̀ jẹ́ Òkè-Àgbè, olúkúlùkù sì ní ohùn tirẹ̀ tí ó fi ń sọ̀rọ̀ nínú ilé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ohùn náà jọ ara wọn bí ọmọ ìyá, tí gbogbo wọn sì gbọ́ Yorùbá. Ní ilẹ̀ tí òkè pọ̀ sí báyìí, tí ogun kò sì jẹ́ kí ènìyàn rìn jìnnà, kò yani lẹ́nu pé ìlú tí kò jìnnà sí ara wọn lè ní èdè tí ó yàtọ̀ síra. Òkè tí ó dáàbò bo ènìyàn náà ni ó ya ènìyàn sọ́tọ̀ kúrò lọ́dọ̀ ẹnìkejì rẹ̀.

Láti Àjọwá, wọ́n sọdá ààlà ìpínlẹ̀ Oǹdó sí ìpínlẹ̀ Kogí, wọ́n gba Ayéré kọjá, wọ́n sì ń lọ nínú ilẹ̀ Ìjùmú. Bàbá sọ fún àwọn ọmọ náà pé ní ọdún mẹ́wàá tí ó parí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn ará Ògìdì ní Ìjùmú kó àwọn aládùúgbò wọn jọ láti kọ̀ fún ogun Tápà. Àwọn tí wọ́n ti ń sá lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ rí i pé àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Ó ní kí wọ́n má ṣe gbàgbé èyí bí wọ́n bá dé Lọ́kọ́jà, nítorí pé ẹni tí ó bá wo àwọn ohun tí ó wà níbẹ̀ nìkan lè rò pé àwọn baba wa kàn káwọ́ gúnwà ni, tí wọ́n ń retí ẹni tí yóò gbà wọ́n.

Nígbà tí wọ́n dé Kàbà, oòrùn ti gòkè. Wọ́n ra àkàrà lọ́wọ́ obìnrin kan létí ọ̀nà, wọ́n sì jókòó sí abẹ́ igi jẹ ẹ́. Níbẹ̀ ni bàbá ti sọ ìtàn oṣù kìn-ín-ní ọdún 1897.

Ní Kàbà ni ogun Tápà pàgọ́ sí nígbà náà. Ní Lọ́kọ́jà, ẹgbẹ́ oníṣòwò àwọn Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń pè ní Royal Niger Company ti kó àwọn ọmọ ogun tirẹ̀ jọ. Àwọn ọmọ ogun náà tó nǹkan bí ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta, ọ̀pọ̀ wọn ni ó ń sọ èdè Haúsá, àwọn òyìnbó díẹ̀ ni ó sì jẹ́ ọ̀gá wọn. George Goldie, olórí ẹgbẹ́ náà, bá wọn lọ. Wọ́n rìn láti Lọ́kọ́jà wá sí Kàbà, ṣùgbọ́n kí wọ́n tó dé, ogun Tápà ti kó àgọ́ rẹ̀ lọ. Wọ́n tún gbéra, wọ́n sọdá Odò Ọya, wọ́n sì dojú kọ Bídà fúnra rẹ̀. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹlẹ́ṣin àti ẹlẹ́sẹ̀ ni ó jáde sí wọn. Àwọn ọmọ ogun Lọ́kọ́jà tò ní igun mẹ́rin, wọ́n kọ ojú ìbọn síta, wọ́n sì fi àgbá àti ìbọn Maxim, tí í máa tu ọta jáde láìdẹwọ́ bí òjò, gba àwọn ẹlẹ́ṣin náà dúró. Ní ọjọ́ 27 oṣù náà, Bídà ṣubú. Ní oṣù tí ó tẹ̀ lé e, Ìlọrin náà ṣubú. Goldie sì kéde pé Bídà kò ní àṣẹ mọ́ lórí ilẹ̀ tí ó wà ní ìhà gúúsù Odò Ọya.

Ọmọkùnrin náà pàtẹ́wọ́. Ó ní, “Nígbà náà, àwọn ni ó gbà wá!”

Bàbá nu epo àkàrà kúrò ní ọwọ́ rẹ̀. Ó ní, “Má tíì pàtẹ́wọ́. A kò tíì dé Lọ́kọ́jà.”

Wọ́n gba Ọ̀bájánà kọjá, níbi tí ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì ńlá wà, ó sì di ọ̀sán kí wọ́n tó rí Lọ́kọ́jà. Ìlú náà wà níbi tí Odò Ọya àti Odò Bẹ́núé ti pàdé. Láti ọdún 1991 ni ó ti jẹ́ olú-ìlú ìpínlẹ̀ Kogí, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ ti wà nínú ìwé ìtàn tipẹ́tipẹ́ ṣáájú ìgbà náà. Ní ọdún 1841, ọkọ̀ ojú omi mẹ́ta láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gòkè wá sí agbègbè yìí láti dá oko sílẹ̀, kí òwò irè oko lè rọ́pò òwò ẹrú. Samuel Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣogùn tí a ti tà ní ẹrú rí, wà lára àwọn tí ó bá wọn wá. Ibà pa ọ̀pọ̀ àwọn òyìnbó náà, oko náà kò sì yọrí sí rere. Ní ọdún 1854, oníṣègùn kan tí ń jẹ́ William Balfour Baikie tún gba ojú odò náà wá. Ó ń fún àwọn ènìyàn rẹ̀ ní egbòogi kuníìnì lò, kò sì sí ẹni tí ibà pa nínú wọn. Òun náà ni ó wá tẹ ibùdó sí Lọ́kọ́jà ní nǹkan bí ọdún 1860. Nígbà tí Royal Niger Company gba ìwé àṣẹ láti ọ̀dọ̀ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1886, Lọ́kọ́jà di ibùdó àwọn ọmọ ogun rẹ̀.

Ọgbà iléèwé Holy Trinity, tí Crowther dá sílẹ̀ ní ọdún 1865, ni bàbá kọ́kọ́ mú wọn lọ. Irin méjì wà níbẹ̀ tí a rì mọ́lẹ̀. Irin Òmìnira ni orúkọ wọn, nítorí pé ìdí wọn ni a ti ń dá àwọn ẹrú sílẹ̀. Kò sí ẹwà kan lára wọn. Ẹni tí kò bá mọ ìtàn wọn yóò kàn rò pé òpó ilé tí ó ti wó ni. Ọmọbìnrin náà dúró sí àárín méjèèjì, ó fi ọwọ́ kan ọ̀kan, kò sì sọ ohunkóhun fún ìgbà pípẹ́. Ó ṣe, ó ní, “Bàbá àgbà, ǹjẹ́ ará Àkókó kankan gba ibí yìí kọjá?”

Bàbá ní, “Wọn kò kọ orúkọ gbogbo wọn sílẹ̀, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹnikẹ́ni bá sọ fún ọ pé òyìnbó kò ṣe rere kankan ní ilẹ̀ yìí, rántí irin tí o fi ọwọ́ kàn lónìí.”

Láti ibẹ̀ wọ́n wakọ̀ gun Òkè Patti, òkè ńlá tí orí rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, tí ó ga tó ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà 1,500. Ilé kékeré kan wà lórí rẹ̀ tí Lugard máa ń sinmi sí. Láti ibẹ̀ ni ènìyàn ti lè rí odò méjèèjì bí wọ́n ti ń bọ̀, tí wọ́n pàdé, tí àwọ̀ omi ọ̀kan kò sì tètè pò mọ́ ti èkejì. Ọmọkùnrin náà wo ọ̀nà tí ó lọ sí odò, ó wo ìlú nísàlẹ̀, ó ní, “Odi nìyí! Ẹni tí ó bá wà níbí yóò rí ọ̀tá kí ọ̀tá tó rí i, gẹ́gẹ́ bí àwọn baba wa ní Àkókó.”

Bàbá ní, “O wò ó dáadáa. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ kan wà. Àwọn baba wa gun òkè kí a má baà mú wọn. Àwọn wọ̀nyí gun òkè kí wọ́n lè rí ibi tí wọn yóò mú.”

Nígbà náà ni ó ṣí apá kejì ìtàn náà fún wọn. Kì í ṣe omijé àwọn ará Àkókó ni ó gbé Goldie lọ sí Bídà. Ọ̀rọ̀ òwò wà níbẹ̀. Àwọn Faransé náà sì ń ti ìwọ̀-oòrùn sún mọ́ Odò Ọya, kò sì fẹ́ kí wọ́n ṣáájú òun. Ní ọdún 1898, Lugard kó ẹgbẹ́ ọmọ ogun tuntun jọ fún ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní agbègbè Lọ́kọ́jà àti Jẹ́bà. Nígbà tí ó di ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1900, a pe àwọn ọmọ ogun jọ sí Lọ́kọ́jà, a sọ àsíá ẹgbẹ́ oníṣòwò náà kalẹ̀, a fa ti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sókè, Lugard sì ka ìwé ìkéde pé ilẹ̀ Àríwá ti bọ́ sí abẹ́ ìjọba náà. Owó tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì san nígbà tí ó gba ìwé àṣẹ náà padà jẹ́ £865,000.

Ọmọbìnrin náà yí padà kíá. Ó ní, “Bàbá àgbà, ẹ dákun, ta ni wọ́n san owó náà fún?”

Bàbá ní, “Ẹgbẹ́ oníṣòwò náà ni.”

“Àwọn tí ó ni ilẹ̀ ńkọ́?”

Bàbá kò dá a lóhùn. Atẹ́gùn ọyẹ́ ń fẹ́ lórí òkè náà, odò méjèèjì sì ń ṣàn lọ nísàlẹ̀.

Ọmọkùnrin náà ní òun gbọ́ pé orí òkè yìí ni ìyàwó Lugard dúró sí nígbà tí ó sọ orílẹ̀-èdè wa ní Nàìjíríà. Bàbá mi orí. Ó ní ìtàn tí ó dùn ún gbọ́ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni ó ṣẹlẹ̀. Inú ìwé ìròyìn The Times ti Lọ́ńdọ̀nù ni Flora Shaw ti dábàá orúkọ náà ní ọjọ́ 8 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1897, nígbà tí kò tíì di aya Lugard. Ọdún 1902 ni wọ́n ṣe ìgbéyàwó. Ó ní kí àwọn ọmọ náà wo ọjọ́ yẹn dáadáa. Ní ọ̀sẹ̀ náà gan-an ni àwọn ọmọ ogun wà lójú ọ̀nà Kàbà. Bí àwọn kan ti ń fi ìbọn gba ilẹ̀ níhìn-ín ni ẹlòmíràn ti ń fi kálàmù sọ ọ́ lórúkọ lọ́hùn-ún.

Nígbà tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀, wọ́n yà sí ibi òkúta ìrántí àwọn ọmọ ogun tí ó kú nínú ogun àgbáyé. Ogun ti ọdún 1914 sí 1918 gbé àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà lọ sí Kamẹrúùnù àti ìlà-oòrùn Áfíríkà. Èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1939 gbé wọn dé Bọ́má ní Éṣíà. Bàbá sí fìlà rẹ̀, àwọn ọmọ náà sì dúró jẹ́ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àwọn kan ní ilẹ̀ yìí kú nítorí pé wọn kò ní ìbọn. Àwọn ọmọ wọn gbé ìbọn, wọ́n sì kú ní ilẹ̀ tí wọn kò mọ̀, nínú ìjà tí wọn kò dá sílẹ̀.

Ní ọ̀nà bí wọ́n ti ń padà bọ̀ ni àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn ọmọ méjèèjì. Àbúrò ní ẹni tí ó gba ènìyàn lọ́wọ́ olówò ẹrú tó ẹni tí a ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ní ẹni tí ó gba ohun olóhun, tí ó sì gba owó lórí rẹ̀, kò tó ẹni tí a ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n jà á títí wọ́n fi kọjá Kàbà. Níkẹyìn wọ́n ní kí bàbá dá ẹjọ́.

Bàbá ní, “Ẹ̀yin méjèèjì ni ẹ jàre, ẹ̀yin méjèèjì ni ẹ kò sì tíì sọ ọ́ tán. Bí ènìyàn bá tú ẹran ní okùn, ẹran náà bọ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó tú ẹran ni ó fẹ́ kí ó padà sí ilé. Ogun Tápà dáwọ́ dúró: òótọ́ ni. Ìyá tí ó lọ sí odò padà sílé: òótọ́ ni. Ní ọdún 1897 kan náà, Goldie kéde pé òfin kò mọ ẹrú mọ́ ní ilẹ̀ tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ṣàkóso. Síbẹ̀ ó di ọdún 1936 kí òfin tó fi òpin sí oko ẹrú pátápátá ní Àríwá. Ẹni tí kò dúpẹ́ fún ohun tí ó yẹ jẹ́ abaraámóorejẹ. Ẹni tí ó dúpẹ́, tí kò sì béèrè iye tí a gbà lọ́wọ́ rẹ̀, jẹ́ òmùgọ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ ọ̀kankan nínú méjèèjì.”

Ọmọkùnrin náà ronú. Ó ní, “Bàbá àgbà, kí ni ó yẹ kí àwọn baba wa ṣe?”

Bàbá ní, “Àwọn àgbà ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Ìlú kọ̀ọ̀kan wà lórí òkè tirẹ̀, ìlú kejì kò sì gbọ́ igbe rẹ̀. Ibẹ̀ ni ogiri wa ti lanu. Nígbà tí àwọn ará Ògìdì àti àwọn aládùúgbò wọn pa ẹnu ògiri náà dé, ọjọ́ ti lọ, ìbọn àjèjì sì ti dé ẹnu ọ̀nà. A kò lè dá wọn lẹ́bi. Àwọn ṣe èyí tí agbára wọn ká. Tiwa ni ó kù.”

Ilẹ̀ ti ṣú nígbà tí wọ́n tún kọjá ní Àjọwá. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, iná Òkè-Àgbè bẹ̀rẹ̀ sí yọ lọ́kọ̀ọ̀kan nísàlẹ̀ òkè. Òkùnkùn ti bo orí àpáta, kò sí iná kankan níbẹ̀, nítorí pé kò sí ẹni tí ó ń ṣọ́ ogun mọ́. Ọmọbìnrin náà wò ó títí ọkọ̀ fi dúró.

ÌBÉÈRÈ

1. Kí ni àǹfààní àti àbùkù tí ó wà nínú fífi àpáta ṣe odi?
2. Kí ni bàbá àgbà ní lọ́kàn nígbà tí ó sọ pé, “Má tíì pàtẹ́wọ́”?
3. Sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Kàbà àti ní Bídà ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1897.
4. Ṣe àlàyé òwe yìí gẹ́gẹ́ bí a ti lò ó nínú àyọkà yìí: “Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀.”
5. Kọ àròkọ kan lórí ibi ìtàn kan tí ó wà ní agbègbè rẹ. Sọ ohun tí ojú rí níbẹ̀ àti ohun tí ó yẹ kí ènìyàn bi ara rẹ̀ nígbà tí ó bá dé ibẹ̀.